Orin Kọ́ Ló Pa Kọ̀ǹpútà Wa

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé fáírọ́ọ̀sì ló wọ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àgbẹ̀ oníkòkó wa ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ẹ sọ fún un pé èmi, Dilenia Polanco, ní irọ́ ló ń pa. Bó bá sì sọ pé Doña Fredes ló gbé e wọlé, kó má ṣe jẹ́ kí n fojú kan òun. Ó ti pé ọdún méjì báyìí, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà bá sọ sí mi lọ́kàn, inú a ṣì máa bí mi débi pé oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mi. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí, mo sì fẹ́ sọ ibi tí èmi náà ti jẹ̀bi, kí ẹlòmíràn má bàa bá mi sọ ọ́.

Orí eré áńgẹ́lì ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní San Francisco de Macorís níbí, ìlú kòkó tiwa, kò sí ọ́fíìsì tí kì í ṣe eré yìí bí Kérésì bá ti ń kanlẹ̀kùn. Wọ́n á kọ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ sórí bébà pélébé-pélébé, wọ́n á ká wọn, wọ́n á kó wọn sínú fìlà, oníkálukú á mú ọ̀kan. Ẹni tí o bá mú orúkọ rẹ̀, ìwọ ni áńgẹ́lì onítọ̀hún. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wàá máa yọ́ ẹ̀bùn kékeré fi sílẹ̀ fún un, kò sì gbọdọ̀ mọ̀ pé ìwọ ni títí di ọjọ́ àríyá tí gbogbo áńgẹ́lì máa fara hàn. Ẹni tó bá tú àṣírí kí ọjọ́ tó pé, wọ́n á fi í ṣe yẹ̀yẹ́ di ọdún tó ń bọ̀.

Èmi ni mo mú orúkọ Doña Fredes. Fredesvinda Almánzar gan-an ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ráyè pe gbogbo ìyẹn tán? Doña Fredes, tàbí màmá lásán, la ń pè é. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń jókòó sídìí tábìlì ẹnu ọ̀nà, tó ń gba orúkọ àwọn àgbẹ̀ àti nọ́ńbà oko wọn sílẹ̀. Ó ku oṣù méje péré kó fẹ̀yìn tì. Òun ló mú mi wọ iṣẹ́ yẹn. Òun ló lọ bá máńéjà pé ọmọ Polanco tó ń gbé àdúgbò òun mọ kọ̀ǹpútà tinú-tẹ̀yìn, pé kí wọ́n dán an wò. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé orin ìfẹ́ àtijọ́ ni oúnjẹ rẹ̀, irú èyí tí àwọn bàbá wa fi ń sunkún nídìí ìgò bíà. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ra fíláàṣì tuntun tó ṣì wà nínú ọ̀rá, mo kó ogójì orin sí i, mo fi bébà pupa wé e, mo sì tì í sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì nígbà tó lọ gba kọfí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, òun ló kọ́kọ́ dé, bó ṣe máa ń ṣe. Ó tan ínfátà, ó tan kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó rí bébà pupa, ó ki fíláàṣì bọ ibi tó yẹ. Nígbà tí èmi àti àwọn tó kù fi máa dé, orin ti ń lọ, màmá sì ń fi ìgbálẹ̀ jó. Ó ní áńgẹ́lì òun mọ inú òun, ẹni yòówù kó jẹ́. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, mo lọ sídìí tábìlì mi, inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí orin dákẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀, lẹ́tà funfun sì jáde lórí rẹ̀ pé a ti ti gbogbo fáìlì yín pa, ẹ wá owó wá kí a tó ṣí i. Kí a tó rí ohun sọ, tèmi náà pọ́n. Ti máńéjà pọ́n. Ti àwọn tó wà lókè pọ́n tẹ̀lé e. Àkọsílẹ̀ oko tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, àwòrán ilẹ̀ àti nọ́ńbà tí àwọn oníbàárà Yúróòpù ń bèèrè kí wọ́n tó fọwọ́ kan kòkó wa, gbogbo rẹ̀ wọ àhámọ́ ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo.

Máńéjà wa, Ventura, pe Eligio Tavárez. Eligio yìí ni ẹgbẹ́ gbà kó máa tọ́jú kọ̀ǹpútà wa. Òun kan náà ni tíṣà mi. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló ń kọ́ àwa méjìlá nípa ìdánwò ààbò kọ̀ǹpútà, ìdánwò tó jẹ́ pé ẹni tó bá yege níbẹ̀, kò ní bẹ ẹnikẹ́ni fún iṣẹ́ mọ́ láyé rẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ yẹn ni tèmi, ní Santiago. Ọwọ́ Eligio ni kóòdù tí màá fi wọlé ìdánwò wà. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń fi owó oúnjẹ ọ̀sán mi sanwó ẹ̀kọ́ náà.

Eligio dé tòun ti dígí dúdú lójú. Kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó bèèrè kọ̀ǹpútà tó kọ́kọ́ pọ́n, wọ́n fi ti Doña Fredes hàn án. Ó rí fíláàṣì lára rẹ̀, ó fi ìka méjì fà á yọ bí ẹni ń fa òkú eku jáde, ó sì gbé e sókè kí gbogbo wa lè rí i.

"Tirójánì," ló wí. "Orin lóde, májèlé nínú. Ta ló ni nǹkan yìí?"

Mo la ẹnu. Mo búra fún yín, mo la ẹnu. Ṣùgbọ́n màmá ti gbà á mọ́ mi lẹ́nu. Ó ní òun lòun ni ín, ó ní òun rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta orin lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàkì. Obìnrin tí kì í purọ́ ọjọ́ orí rẹ̀ pàápàá. Ẹnì kan ti fún un ní ẹ̀bùn, kò sì ní gbà kí wọ́n fìyà jẹ ẹni náà, ó tán. Kò mọ̀ pé ẹni náà dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí òun, tó yanu sílẹ̀ bí ẹja.

Ojú Ventura le. Ó ní òfin ẹgbẹ́ kò fàyè gba nǹkan ojú títì nínú kọ̀ǹpútà. Ó ní kí màmá lọ sílé títí di ọjọ́ Ẹtì tí ìgbìmọ̀ máa jókòó, àti pé bí ìgbìmọ̀ bá rí i pé òun ló gbé àrùn wọlé, lílé ni wọ́n máa lé e, kò sì sí ohun tó ń jẹ́ ìfẹ̀yìntì fún ẹni tí wọ́n lé. Doña Fredes gbé báàgì rẹ̀, ó gbé kọ́ọ̀bù kọfí rẹ̀, ó sì kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó jáde. Ó kí Eligio náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Eligio fúnra rẹ̀ kọ́ wa, kí ẹ lè mọ ìdí tí inú fi ń bí mi. Ó ní orúkọ pọ̀ fún àwọn nǹkan burúkú tó ń wọ kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá sì ń pe gbogbo wọn ní fáírọ́ọ̀sì, òpè ni. Fáírọ́ọ̀sì a máa lẹ̀ mọ́ fáìlì mìíràn bí iná orí. Bí ẹnì kan kò bá ṣí fáìlì náà, ibẹ̀ ló máa wà. Tirójánì a máa ṣe bí ohun rere, bí eré, bí orin, bí ìwé ìpè, kí ìwọ fúnra rẹ lè fi ọwọ́ ara rẹ ṣílẹ̀kùn fún un. Amí wà tó ń wo ohun tí o ń tẹ̀. Ajínigbé wà tó ń ti fáìlì pa tó sì ń gba owó ìtúsílẹ̀. Aràn wá ni èyí tí kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ihò ló ń wá. Bó bá ti rí ihò lára kọ̀ǹpútà kan, ó wọlé nìyẹn, á sì máa ti ibẹ̀ bọ́ sára òmíràn, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Eligio máa ń lu tábìlì bó bá dé ibẹ̀. Á ní kí a má wo ohun tó ṣe nìkan, kí a wo ọ̀nà tó gbà wọlé, nítorí ibẹ̀ ni ìdánwò ti máa ń mú àwọn ọlẹ.

Èmi kì í ṣe ọlẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan náà, mo lọ wo ọ̀nà tó gbà wọlé. Mo lọ sí ilé ìwọ̀n lẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń wọn àpò kòkó. Kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan wà níbẹ̀, eruku kòkó ti bo gbogbo ara rẹ̀. Gbogbo kọ̀ǹpútà tó kù la máa ń pa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìyẹn nítorí iná tó ń lọ nígbà tó bá wù ú. Ti ilé ìwọ̀n nìkan, tó ní bátìrì tirẹ̀, ni kì í kú, tó sì máa ń wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru, torí Eligio fẹ́ máa ti ilé rẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ wa dípò kó wakọ̀ wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti sọ fún un pé kọ̀ǹpútà náà kò gba àtúnṣe tuntun kankan láti ọdún gbọ́nhan, pé ihò tó wà lára rẹ̀ ju ti ajere lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yẹn mọ ọ̀nà ilé, kí n má yọ ọ́ lẹ́nu. Ọ̀bẹ kì í kúkú mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Mo wo aago tí wọ́n ti fáìlì rẹ̀ pa. Ọjọ́ Àìkú ni, agogo mẹ́ta òru. Mo tún un wò. Ọjọ́ Àìkú, agogo mẹ́ta òru, fáìlì kan tẹ̀lé òmíràn. Ní àkókò yẹn fíláàṣì mi wà nínú dúrọ́ọ̀ nínú bébà pupa, kọ̀ǹpútà màmá wà ní pípa, ọ́fíìsì wà ní títì. Aràn ni. Inú ihò tí Eligio ṣí sílẹ̀ ló gbà wọlé pẹ̀lú ajínigbé nínú ikùn rẹ̀, ó sùn síbẹ̀ dè wá, nígbà tí a sì ń tan kọ̀ǹpútà wa lọ́kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ Ajé, ó ń bọ́ sí wọn lára lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti Doña Fredes ló kọ́kọ́ pọ́n nítorí òun ló kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó tètè jí.

Mo fi fóònù mi ya àwòrán gbogbo rẹ̀, mo sì lé Eligio bá nídìí ọkọ̀ rẹ̀. Mo rò pé á dùn mọ́ ọn. Òmùgọ̀ ni mí. Ó wo àwòrán kìíní, ó wo ìkejì, ojú rẹ̀ sì yí padà, mo rí i pé ó mọ̀. Bóyá ó tilẹ̀ ti mọ̀ kí n tó dé.

"Dilenia," ló wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú, "ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìdánwò rẹ, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ìwọ lo mọ̀wé jù nínú gbogbo wọn. Màmá yẹn ti jẹ ayé tiẹ̀, oṣù méje ló kù fún un. Ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni. Àti pé ta ló fún un ní fíláàṣì yẹn gan-an? Mo rí ojú rẹ láàárọ̀. Ẹni tó ń kọ́ nípa fáírọ́ọ̀sì ló gbé fíláàṣì wọ ọ́fíìsì. Ìwọ fúnra rẹ, kí lo máa rò bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì lọ. Mo dúró sínú oòrùn, fóònù lọ́wọ́ mi. Inú bí mi sí i, inú bí mi sí ara mi, ẹ̀rù sì bà mí ju inú tó ń bí mi lọ. Ohun tí mo fi sọ fún ara mi ni pé ọjọ́ Ẹtì ṣì jìnnà, pé bóyá ìgbìmọ̀ máa ṣàánú rẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ mi.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo lọ wo màmá. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Ìyàwó àgbẹ̀ kan ti dúró lójú ọ̀nà, ó ti bi í léèrè kí ni òun àti ọkọ òun máa jẹ nígbà tí àkọsílẹ̀ oko wọn ti sọnù nínú kọ̀ǹpútà. Màmá ń se ìrẹsì òun òtílí, ó bu àwo ńlá kan fún mi kí n tó jókòó dáadáa. Lẹ́yìn náà ló nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sì wò mí.

"Ọmọ mi, ìwọ lo kàwé rẹ̀. Ṣé orin mi ló pa kọ̀ǹpútà?"

Mo ní n kò tíì mọ̀. Mo ní kí a dúró di ọjọ́ Ẹtì.

Ó mi orí. Ó ní áńgẹ́lì òun, ẹni yòówù kó jẹ́, á máa sunkún níbi tó wà, pé bí mo bá mọ̀ ọ́n, kí n bá òun sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, òun ti pa ẹnu òun mọ́. Mo jẹ ìrẹsì náà tán. Mo tún gba ẹ̀ẹ̀kejì.

Ọjọ́rú ni kíláàsì. Eligio kọ ìbéèrè àdánwò sójú pátákó, ó sì kà á sókè pẹ̀lú ẹ̀rín: màmá àgbà kan rí fíláàṣì olórin, ó tì í bọ kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́, gbogbo fáìlì wọ àhámọ́, irú nǹkan wo ló wọlé? Ó fi ohùn arúgbó ka apá kan rẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn tó sì ń jó. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn tó rẹ́rìn-ín kò mọ̀ ọ́n, n kò lè bá wọn jà. Ṣùgbọ́n Eligio ń wò mí bí ó ti ń kà á. Ó ń dán mi wò bóyá mo ti gbé e mì.

Mo fàlà sábẹ́ Tirójánì. Gbogbo ogún ìbéèrè ni mo gbà, ó sì ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo jáde níbẹ̀, mo rìn kọjá ilé wa, mo rìn dé ìdí odò kí n tó mọ̀ pé mo ti kọjá. Bí mo bá rí òkúta lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, n kò mọ̀ bóyá Eligio ni mo máa sọ ọ́ lù tàbí ara mi.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Àgbẹ̀ márùn-ún ló wà nínú ìgbìmọ̀, kò sí ẹni tó dín ní ọgọ́ta ọdún nínú wọn, Don Cirilo Paulino sì ni alága. Wọ́n ní kí Doña Fredes dúró sílé, wọ́n á ránṣẹ́ sí i. Èmi, wọ́n pè mí kí n wá ka iye fáìlì tó sọnù, kí n sì máa lọ. Mo kà á. N kò lọ. Mo dúró ti ògiri.

Eligio sọ ti ẹnu rẹ̀. Ó ní Tirójánì ni, ó ní fíláàṣì ojú títì ló gbé e wọlé, ó ní òun ti kọ ọ́ sílẹ̀, òun sì ti fọwọ́ sí i. Ventura ka ìwé ìlénilọ tó ti tẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn bàbá náà ń wo ilẹ̀. Wọ́n mọ màmá láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú. Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ń yún Eligio.

"Ẹ má bínú sí i," ló wí. "Àgbàlagbà àti kọ̀ǹpútà kì í rìn pọ̀. Ẹ jẹ́ kó lọ máa hun aṣọ ọmọ-ọmọ."

Ventura rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló fa nǹkan já nínú mi.

"Irọ́ ni," ni mo wí.

Gbogbo wọn yíjú. Ventura ní kí n jáde. Don Cirilo gbé ọwọ́ sókè pé kó fi mí sílẹ̀. Mo sọ ọ́ bó ṣe tò: kọ̀ǹpútà ilé ìwọ̀n, ọjọ́ Àìkú, agogo mẹ́ta òru, aràn tó gba ibẹ̀ wọlé, ẹ̀ẹ̀mẹta tí mo kìlọ̀. Mo gbé fóònù mi ka iwájú wọn. Ẹ̀rù kò bà mí mọ́.

Eligio rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kọjú sí mi bí ìgbà tí a wà ní kíláàsì. Ó ní ojú pupa tó ń bèèrè owó, ajínigbé ni, ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ló wá kan aràn?

"Ajínigbé ni ohun tó ṣe," mo dá a lóhùn. "Aràn ni ọ̀nà tó gbà wọlé. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ á fìdí rẹmi."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe Tirójánì?"

"Tirójánì ń fẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Ní agogo mẹ́ta òru ọjọ́ Àìkú, ọwọ́ ta ló wà níbẹ̀, tíṣà? Ẹ̀yin lẹ ṣí ihò yẹn sílẹ̀ kí ẹ lè máa ti ilé yín wọlé."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó na ìka sí mi, ó ní kí wọ́n bi mí léèrè ẹni tó fún màmá ní fíláàṣì. Mo ní èmi ni. Mo ní èmi ni áńgẹ́lì rẹ̀, pé irọ́ ló pa nípa páàkì kí ojú má bàa ti ẹni tí kò mọ̀, àti pé kí wọ́n lé mi bó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ wo aago yẹn.

Don Cirilo wo aago náà pẹ́. Ó fi fóònù lé ẹni tó jókòó tẹ̀lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀yìn ti àga.

"Ọmọ, gbogbo orúkọ tí ẹ ń pè yìí kò yé mi. Àgbẹ̀ ni mí. Bí àrùn bá wọ oko mi, ohun tí mo máa ń bèèrè ni bóyá ẹnì kan ló ra igi olókùnrùn wá gbìn, àbí ibi tí ọgbà ti ya ni ó gbà wọlé. Èwo ni tiwa?"

"Ọgbà ló ya, bàbá."

"Ta la ń sanwó fún kó máa ṣọ́ ọgbà?"

Gbogbo ojú lọ sọ́dọ̀ Eligio, ti Ventura náà. Ìwé ìlénilọ tó wà lórí tábìlì, Don Cirilo fúnra rẹ̀ ló ká a, tó tì í bọ àpò. Wọ́n ní kí màmá wọlé iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ní kí Eligio kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ó kó wọn sílẹ̀, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bó ti ń jáde, ó ní kí n lọ wá kóòdù ìdánwò mi níbòmíràn. Oṣù mẹ́jọ lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wò ó, kò dùn mí lásìkò yẹn. Inú tó ti ń bí mi láti ọjọ́ Ajé ti jáde, ara mi fúyẹ́. N kò tilẹ̀ dúró gun ọ̀kadà, ẹsẹ̀ ni mo fi sáré lọ sílé Doña Fredes. Mo ti ń rí i bí ó ṣe máa gbá mi mọ́ra. Mo ti ń gbọ́ ohun tí yóò sọ fún àwọn aládùúgbò nípa mi.

Ó jókòó sí ilé ìdáná, ó wọ aṣọ ìjáde, ó gbé báàgì rẹ̀ lé orókùn. Ó ti ń retí kí wọ́n ránṣẹ́ pe òun láti òwúrọ̀. Mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: aràn, agogo mẹ́ta òru, ojú Eligio, ìwé tí Don Cirilo ká. Mo sọ fún un pé èmi ni áńgẹ́lì rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, omi sì lé ròrò sí i lójú. Ó dìde, ó fi omi atalẹ̀ kaná, ó bu kọ́ọ̀bù kan fún mi. Ẹnu mi kò sì dákẹ́. Mo ní, "Mo pàdánù ìdánwò mi nítorí yín, màmá."

Ó gbé ìkòkò sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ọjọ́ wo lo rí aago yẹn lára ẹ̀rọ ilé ìwọ̀n?"

Mo ní ọjọ́ Ajé.

"Ọjọ́ Ajé, láàárọ̀ àbí lọ́sàn-án?"

"Lọ́sàn-án, màmá."

Ó jókòó. Mo rí i pé ó ń ka ọjọ́ lọ́kàn ara rẹ̀. Ó dé orí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó dé orí àwo ìrẹsì méjì.

"Mo bi ọ́ léèrè nínú ilé yìí," ló wí. Kò pariwo. Ìbá sàn fún mi kó pariwo. "Mo ní ṣé orin mi ni. O ní o kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Nagua pé ṣé lóòótọ́ ni mo ba iṣẹ́ àwọn àgbẹ̀ jẹ́, mo sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe irọ́ ni mo pa fún un, Dilenia. Mo gbà pé èmi ni. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó síbí tí mo gbà pé èmi ni."

Mo fẹ́ sọ pé ẹ̀rù ló bà mí. Mo fẹ́ sọ pé ẹ ṣá mọ̀ pé mo padà sọ ọ́. Kọ́ọ̀bù atalẹ̀ ni mo gbé sẹ́nu dípò rẹ̀.

"Nítorí ẹni tí n kò mọ̀ ni mo ṣe purọ́, kí ojú má bàa tì í," ló wí. "Ìwọ mọ̀ mí."

Ó bọ́ bàtà ìjáde rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ tábìlì, ó sì dìde lọ bẹ̀rẹ̀ sí ṣa ìrẹsì alẹ́. Kò ní kí n máa lọ, kò sì ní kí n dúró.